Irin tí ó Fara Pamọ́ sínú Orúkọ

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Sábó, Ṣágámù, ní àdúgbò àwọn Hausa oníṣòwò obì, tí ó mú mi ronú lórí orúkọ tí a ń pe nǹkan.

Àbúrò mi obìnrin lóyún, ó sì ra oògùn ẹ̀jẹ̀ lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìwé dókítà kí ó tó tà á. Inú ọ̀rá kékeré ni ó di í sí. Hóró pupa tí ń dán ni. Ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méjì rí i, ó fi í ṣe súìtì. Nígbà tí a ó fi kà á, mẹ́jọ kò sí mọ́.

Ọmọ náà bì títí, èébì náà sì ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ó dákẹ́, ó sùn. Aládùúgbò kan ní, “Màmá, ẹ má da ara yín láàmú, ó ti bì í jáde. Ṣebí oògùn ẹ̀jẹ̀ náà ni!” Ìyá wa kò tilẹ̀ dá a lóhùn. “Ẹ bá mi wá ọkọ̀,” ni wọ́n wí.

Dókítà ni ó là wá lóye. Irin ni oògùn yìí. Hóró ferrous sulphate kan tí ó jẹ́ 200 mg ní irin bí 65 mg nínú. Fún ọmọ tí ó wọn kílò 10, hóró mẹ́rin lè kó ìnira bá a, mẹ́wàá lè pa á. Ìdákẹ́jẹ́ tí ó máa ń tẹ̀ lé èébì ni ó burú jù: a ó rò pé ara ti yá, nígbà tí irin náà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Wọ́n fa desferrioxamine sí i lára, oògùn tí ń di irin mú tí ó sì ń gbé e jáde. Ìtọ̀ ọmọ náà pọ́n wẹ̀. Ó yè.

Aláboyún nílò irin yìí, n kò bá a jà. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1997 ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára oògùn onírin, nítorí àwọn ọmọdé tí ó ti pa. Àwa tí àwọn kan nínú wa ń fi irin búra ní kóòtù, ẹ̀jẹ̀ ni a pè é, ẹ̀rù rẹ̀ kò sì bà wá.

Àbúrò mi kò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ tí ó kọjá ó lọ béèrè oògùn onírin, oníkẹ́míìsì sì bi í léèrè pé irú èwo nìyẹn.