Bàbá Dúdú Tí Òjò Ò Lè Yọ́

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Òṣíẹ̀lẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ òyìnbó lẹ ti rí súìtì ńlá tí ẹ máa ń ṣe yìí?" Ló bá ṣí fóònù rẹ̀, ó fi àkàrà òyìnbó kan hàn mí tó gùn tó nǹkan bíi mítà mẹ́ta. Claes Oldenburg ló ṣe é ní 1962, ẹni tí wọ́n bí ní Sweden tó sì ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Kánfáàsì ló fi ṣe é, ó ki fóòmù àti páálí sí i nínú, ó wá kùn ún lọ́dà. Mo gba fóònù, mo wò ó pẹ́. Iṣẹ́ gidi ni, mi ò ní bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n inú ilé ló wà, ní músíọ̀mù kan ní New York, níbi tí ìrì kì í ti í sẹ̀ sí i lára. Ẹ gbé e wá sí Sàpọ́n ní Abẹ́òkúta nínú oṣù kẹfà, kí ẹ wá wo ohun tí òjò máa ṣẹ́ kù. Tèmi ń gba òjò, ó ń gba oòrùn, ọmọdé ń gùn ún.

Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí n sọ bí iṣẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lẹ́yìn mi pé ojú fóònù ni mo ti kọ́ ọ.

Nílùú Abẹ́òkúta, tí a bá ń sọ̀rọ̀ ère, Ìtókò làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, wọn ò sì jẹ̀bi. Èṣùbíyìí gbẹ́gi níbẹ̀, Adúgbológe gbẹ́gi níbẹ̀, àwọn ọmọ wọn náà gbẹ́gi. Ère ìbejì àti orí eégún tó ti ọwọ́ wọn jáde wà ní músíọ̀mù káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lónìí. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n àwa tó ń fi sìmẹ́ńtì ṣiṣẹ́ kì í ṣe ọmọ agbẹ́gilére. Bíríkìlà ló bí wa. Nígbà tí àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà padà sílé, tí wọ́n ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn bíríkìlà ló ń fi ìrẹ́lé ya òdòdó sára ògiri, tí wọ́n ń gbé kìnnìún jókòó sórí òpó géètì. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní oníṣẹ́ ọnà nígbà yẹn. Ìgbà tí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Ulli Beier pe àwọn bíríkìlà jọ ní Òṣogbo pé kí wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì mọ ẹranko, kí òun wo ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù, lojú ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà bíi tiwa, ló ti ibẹ̀ dìde tó fi dẹni tó ń bá Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà, ṣiṣẹ́ ní Igbó Ọ̀ṣun. Ní ti àwa Ẹ̀gbá, 1960 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, sìmẹ́ńtì wá di ohun tí a ń rà lẹ́nu ọ̀nà wa. Láti ìgbà náà ló ti yẹ kí ìlú yìí kún fún ère.

Ọ̀gá mi, bíríkìlà ni. Ìbarà ló ń gbé. Kò ka ìwé, kò sì fẹ́ràn ariwo. Tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ara ère ti jọ̀lọ̀, á di ojú, á fi àtẹ́lẹwọ́ rá a láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró níbì kan, o ti mọ̀ pé oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ yẹn ti di ti alẹ́ nìyẹn, o máa ha á kúrò, o máa tún un rẹ́. Ó mọ kìnnìún, ó mọ erin, ó mọ Màríà fún àwọn ìjọ Àgùdà. Ọdún tí wọ́n yí ọkọ̀ padà sí ọwọ́ ọ̀tún, ìyẹn 1972, ni ìyá kan tó ń ta súìtì bàbá dúdú wá bá a. Ìyá náà ò lówó táwọn tó ń kọ pátákó ń gbà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ ò mọ ìwé kà. Ọ̀gá ní kó lọ, kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ ọjà méjì. Ó tẹ irin, ó fi wáyà nẹ́ẹ̀tì bò ó, ó mọ bàbá dúdú kan tó tó ọmọ ọdún mẹ́wàá ní gíga, pẹ̀lú bébà tí wọ́n lọ́ ní etí méjèèjì. Kò kùn ún lọ́dà rárá. Èédú tó kúnná ló pò mọ́ sìmẹ́ńtì ìrẹ́lé ìkẹyìn, ó wá fi àdín pa á lára títí ó fi ń dán. Àwọn ọmọ iléèwé ń dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ń fi ahọ́n lá a. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo po yanrìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni súìtì ńlá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ọ̀gá mi ò gbọ́ orúkọ Oldenburg rí títí ó fi kú.

Ṣíbí kan wà tí ọ̀gá mi fi ń ṣe ibi tó bá ṣe roboto. Ṣíbí ìbọbẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kan ní Láfẹ́nwá ló lù ú, tó jẹ́ kí etí rẹ̀ fẹ́lẹ́, tó tẹ ọrùn rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Lẹ́yìn ìrẹ́lé kejì, kí sìmẹ́ńtì tó gan, ṣíbí yẹn á wọlé, kò ní sí àpá ọwọ́ níbì kankan mọ́. Ọjọ́ tí mo ṣe fúrídọ́ọ̀mù, ọ̀gá ò fún mi lówó, ṣíbí yẹn ló fún mi lójú gbogbo èèyàn. Mo ti lo èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà, mo ti lo ti ilẹ̀ China. Kò sí èyí tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ọwọ́ bíi tiẹ̀.

Nǹkan le nígbà SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti ìjọba, ère ojú oórì ni mo fi bọ́ ọmọ. Lẹ́yìn náà làwọn ilé oúnjẹ ńláńlá dé, wọ́n ń wá ice cream tó ga ju ọkọ̀ lọ, fáíbà sì wọlé. Mo kọ́ fáíbà, mo ṣe é, ó gbé mi dé Èkó àti Ìbàdàn. Flex, ìyẹn pátákó ìpolówó tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀, wá gba ẹnu iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa. Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn tó ń gé fóòmù fún òde àríyá. Wọ́n á gé súìtì tó ga ju èèyàn lọ ní ọjọ́ kan, wọ́n á fín ọ̀dà sí i, àwọn èèyàn á ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní Sátidé, nígbà tó bá fi di Mọ́ńdè, orí ààtàn ló wà. Oníbàárà á wá fi iye ìyẹn lọ̀ mí, ní ìgbà tí àpò sìmẹ́ńtì kan ti kọjá 10,000 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024! Ẹ gbé ọwọ́ lé fóòmù kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Òfìfo ni.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣètò àfihàn iṣẹ́ ọnà ti wá wo tèmi rí. Ó ní ìpolówó ọjà ni, kì í ṣe ọnà. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé Kane Kwei ní Teshie lẹ́bàá Accra, tó ń ṣe pósí bí ẹja, bí kòkó, bí ọkọ̀, wọ́n kó tirẹ̀ lọ sí àfihàn ńlá ní Paris ní 1989? Oníbàárà náà ló ń bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ó kú ní 1992, Paa Joe tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ sì ń ṣe é lọ, ayé ń gbóríyìn fún un. Yinka Shonibare, ọmọ wa tó wà ní London, mọ ọkùnrin kan tó ru kéèkì jọ gègèrè sẹ́yìn, wọ́n pè é ní ọnà, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Tèmi ńkọ́? Ṣé nítorí pé ìyá oníbàbá dúdú ló sanwó rẹ̀ ni?

Adùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí a bá ń sọmọ lórúkọ, oyin la fi ń tọ́ ọ lẹ́nu, àádùn náà sì wà nínú ohun tí a fi ń súre. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe ni àádùn kan tó ga tó ilẹ̀kùn, tí a dì sínú ewé. Gbogbo iṣan ewé yẹn, ọwọ́ ni mo fi fà á. Ilẹ̀ pupa ni mo fi pa àádùn inú rẹ̀ láró, epo ló jọ. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí níṣẹ́ ẹ. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni mo gbé e sí, mo sì gbé bàbá dúdú ọ̀gá mi tì í, nígbà tí àwọn ọmọ ìyá oníbàbá dúdú ta ilé wọn.

Nígbà tí wọ́n ń fẹ títì, wọ́n fi ọ̀dà pupa fa àmì sára ògiri mi. Mo kó igi, mo kó ọ̀dà, mo kó fáíbà. Ère méjèèjì ò ṣeé gbé láìsí ọkọ̀ agbérù, mo sì ti bá onímọ́tò kan ṣe àdéhùn. Kó tó dé, katapílà ti dé. Ṣíbí náà wà nínú àpótí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, abẹ́ àwókù ló wọ̀ sí. Mo lọ bá àwọn tó kó àwókù náà, wọ́n ní kò sí ère nínú ohun tí àwọn kó, pé òkúta àti búlọ́ọ̀kù ni. Mo tún lọ. Wọ́n ní kí n kọ̀wé, mo kọ̀wé.

Mi ò bèèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibi tí wọ́n dà á sí ni kí wọ́n fi hàn mí. Irin oní mílí méjìlá ló wà nínú àádùn yẹn, èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́, kò lè tíì jẹrà. Tí mo bá rí irin náà, mo máa tún un rẹ́.