Festac Inú Kọ̀ǹpútà

Àbúrò mi ń kọ́ Festac. Kì í ṣe pẹ̀lú sìmẹ́ńtì o, orí kọ̀ǹpútà ló ti ń kọ́ ọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbá Cities: Skylines, géèmù tí wọ́n fi ń tẹ ìlú dó, tó jáde ní 2015, ẹ mọ̀ pé ilé inú ẹ̀ ò jọ tiwa. Àmọ́ àyè wà kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe ya ilé tiẹ̀, kó kó o wọ inú géèmù, kí àwọn ẹlòmíì lè rí i lò. Àwọn kan ti ya ilé fúláàtì tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì kọ́ fún mẹ̀kúnnù láyé Khrushchev. Àbúrò mi ní, ta ló máa wá ya tiwa?

Àlejò ni wọ́n kọ́ tiwa fún. Ayẹyẹ FESTAC '77, láti 15 oṣù kìíní títí di 12 oṣù kejì ọdún 1977, kó àwọn èèyàn dúdú jọ láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50. Nígbà tí àlejò lọ tán, ìjọba ní kí àwọn èèyàn ṣẹ́ kèké, kí ẹni tí kèké bá mú wọlé. Àdírẹ́sì ibẹ̀ gan-an, ojúlé, kílóòsì, róòdù, àfẹ́níù, ó jọ oríkì onínọ́ńbà: fo ẹyọ kan, o ti sọnù nìyẹn.

Ó ń ya fọ́tò ògiri kiri. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn jáde sí i, ó ní: “Ọmọ mi, ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wá wó o nìyẹn?” Ó ní rárá mà, géèmù ni. Ìyá ò gbà á gbọ́. Èmi náà ò bá má gbà á gbọ́.

Ibẹ̀ ni ìjà wa ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi fẹ́ ilé 1977: kò sí fẹ́ńsì, kò sí táǹkì, kò sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, “Bọ̀dá mi, ìtàn ni mò ń yà, kì í ṣe ọjà.” Mo ní ìtàn wo ló parí ní 1977? Nínú géèmù yẹn, bí omi ò bá yọ, àwọn ará ilé á ṣàìsàn, wọ́n á kó jáde, ilé á dahoro. Ní Festac, omi ò yọ, kò sẹ́ni tó kó lọ. Mẹ́ruwà ló ń ti ọmọláńké kẹ́ẹ̀gì wọ kílóòsì. Ẹni tó lówó gbẹ́ bóhóòlù. Géèmù ò mọ mẹ́ruwà rárá. (Àbúrò mi ní ilé Jákàńdè ní Àmùwò, ti 1979 sí 1983, ló kàn. Ẹ bá mi gbà á níyànjú kó parí èyí ná.)

Ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà méjì: èyí tí a ó wò nítòsí, àti ìkejì tí ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe kedere, fún ẹni tó ń wo ìlú láti òkè, kí kọ̀ǹpútà má bàa daṣẹ́ sílẹ̀. Nínú ẹ̀dà ti òkè yìí, fèrèsé ò hàn, áńbèlètorí ṣọ́ọ̀bù.

Ó ti gbà báyìí láti ya méjèèjì, ti 1977 àti ti òní. Ó ní kí n fún òun ní orúkọ tí òun máa kọ sára ṣọ́ọ̀bù, ṣebí èmi ni mò ń kọ́ Yorùbá. Mo ní kó má tíì kọ nǹkan kan. Sátidé la máa lọ bi ìyá náà bóyá ó fẹ́ wà níbẹ̀.