Èéṣe Tí Ọmọ-Ọmọ Mi Kò Fi Jẹ́ Sturluson?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí ọmọ mi obìnrin lórí tẹlifóònù, ọ̀rọ̀ náà sì bí i nínú tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Nítorí orúkọ ni. Mo pinnu láti kọ ọ́ síhìn-ín kí ẹ̀yin òǹkàwé lè gbọ́ bí ó ti jẹ́, pàápàá ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ti kọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sínú ìwé títí ọwọ́ fi ro yín.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi yìí. Ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni ó ti pàdé ọkùnrin kan tí í ṣe ará Iceland. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 2018, wọ́n sì kó lọ sí Reykjavík, olú-ìlú ilẹ̀ ọkọ rẹ̀. Erékùṣù ni Iceland, ó wà lókè réré ní ìhà àríwá òkun Àtìláńtíìkì, gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ kò sì tó 400,000. Ará Ìbàdàn nìkan pọ̀ jù wọ́n lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Nínú ẹbí wa, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ni ó ti mọ orúkọ ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, nítorí pánla. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ó ti ń ta pánla àti orí ẹja gbígbẹ, ó sì mọ èyí tí ó ti Norway wá yàtọ̀ sí ti Iceland bí ó bá ti fọwọ́ kàn án. Nígbà tí a sọ fún un pé ará Iceland ni ọkọ ìyàwó, ohun tí ó kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ṣé bàbá rẹ̀ ní ọkọ̀ ẹja?"

N kò ní kọ orúkọ àna mi gan-an síhìn-ín, nítorí n kò tíì tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní Jón, nítorí Jón wà lára àwọn orúkọ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó tẹ̀lé e ni ó gbà mí lọ́kàn: Sturluson. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní ìtàn, n kò lè rí orúkọ kí n má tú ìdí rẹ̀ wò. Mo yẹ ìwé wò, mo sì rí i pé ọkùnrin ńlá kan ti jẹ́ Sturluson rí, èyíinì ni Snorri Sturluson, tí wọ́n bí ní ọdún 1179. Òun ni ó kọ ìtàn àwọn ọba Norway sínú ìwé tí à ń pè ní Heimskringla. Òun náà ni ó kọ Edda, ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń yẹ̀ wò títí di òní bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ nípa àwọn òrìṣà tí wọ́n ń bọ ní apá ibẹ̀ láyé àtijọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi í ṣe olórí tí ń ka òfin ní ìpàdé gbogbo ilẹ̀ wọn.

Inú mi dùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí fọ́nnu. Ní ìpàdé àwa tíṣà tí a ti fẹ̀yìntì, mo dìde, mo ní ọmọ mi ti wọ ilé Sturluson, ìdílé òǹkọ̀wé àti ìjòyè láti 800 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni ìyá mi sinmi, ẹni tí ó ti sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní oṣù kejì ọdún 2021 ni ọmọ mi bí obìnrin. Ta ni yóò tún wá kọ́ Yorùbá ní ohun tí ọmọ náà yóò jẹ́? Yétúndé ti dé. Àrùn kòrónà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa lè wọ ọkọ̀ òfuurufú, nítorí náà, nígbà tí ó di ọjọ́ kẹjọ, a kó oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare síwájú tẹlifóònù nílé wa níhìn-ín, a sì sọ ọ́ lórúkọ. Mo sunkún díẹ̀, nítorí ìyá mi.

Ó di oṣù kẹrin, mo ní kí ọmọ mi jẹ́ kí n rí bí wọ́n ti kọ orúkọ ọmọ náà sínú ìwé ìjọba. Ó ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Mo wọ awò ojú mi, mo kà á, mo tún un kà: Stúlka Jónsdóttir. Kò sí Yétúndé. Kò sí Sturluson.

Ẹ̀yin òǹkàwé, inú mi ru. Mo pe ọmọ mi lójú ẹsẹ̀, n kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó kí mi tán. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ọkọ rẹ kọ ọmọ náà ni? Àbí ọmọ ẹlòmíràn ni, tí ẹ kò fẹ́ kí a mọ̀?"

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Bàbá, ṣé èmi ni ẹ ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí sí?" Ó sì pa tẹlifóònù.

Ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí mo sọ ọ́. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ti sọ̀rọ̀ jù." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ó ti ń gbé oúnjẹ mi kalẹ̀ tí ó ń kọjá lọ sẹ́yìn ilé.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ náà, àna mi fúnra rẹ̀ ni ó pè mí. Ọmọ mi ti kọ́ ọ láti máa pè mí ní Bàbá, ó sì mọ̀ ọ́n pè dáadáa. Ó ní, "Bàbá, mo gbọ́ pé orúkọ ọmọ ń bí yín nínú." Bóyá kò gbọ́ èyí tí ó burú jù nínú ohun tí mo sọ, bóyá ó gbọ́ tí ó fi bò mí láṣìírí, títí di òní n kò bèèrè.

Ó ní Sturluson kì í ṣe orúkọ ìdílé rárá. Ohun tí ó wí kò ju "ọmọkùnrin Sturla" lọ. Sturla ni orúkọ bàbá tirẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi hàn pé nǹkan jẹ́ ti Sturla, wọ́n á yí ìparí orúkọ náà padà, yóò di Sturlu, wọn yóò wá fi son, tí í ṣe ọmọkùnrin, kún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, kì í jẹ́ Sturluson. Sturludóttir ni, ọmọbìnrin Sturla. Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Guðmundsdóttir, nítorí Guðmundur ni bàbá tirẹ̀, obìnrin wọn kì í sì torí pé ó wọ ilé ọkọ kí ó pa orúkọ bàbá rẹ̀ tì. Ó ní ọmọ tí ọmọ mi bí kì í ṣe ọmọ Sturla, ọmọ-ọmọ Sturla ni. Ọmọ Jón ni, Jónsdóttir náà ni yóò sì jẹ́. "Bàbá, bí a bá pè é ní Sturludóttir, irọ́ ni a pa. Bí a bá pè é ní Sturluson, irọ́ méjì ni, nítorí kì í ṣe ọkùnrin."

Mo ní, "Stúlka ńkọ́? Ta ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní "ọmọbìnrin" ni stúlka túmọ̀ sí ní èdè wọn. Òfin fún òbí ní oṣù mẹ́fà láti sọ ọmọ lórúkọ, àwọn kò sì tíì fi orúkọ tí a sọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìjọba. Kí n má parọ́, oṣù mẹ́fà yìí yà mí lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọmọ yóò ti jókòó, yóò máa fà bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni, kò ní lórúkọ!

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí ni mo padà sídìí ìwé, mo sì rí i pé òótọ́ ni ó sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Denmark, Norway àti Sweden ti ń ṣe láyé àtijọ́, kí wọ́n tó fi orúkọ bàbá ẹnìkan dè gbogbo ìran rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé lónìí ọkùnrin lè jẹ́ "ọmọ Hans" láìsí Hans kankan nílé wọn láti ìran mẹ́rin. Àwọn ará Iceland kò gbà. Ní ọdún 1925 wọ́n ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá orúkọ ìdílé tuntun sílẹ̀ mọ́, àwọn díẹ̀ tí ó ti ní tiwọn ṣáájú ni ó ń lò ó. Òǹkọ̀wé wọn Halldór Laxness, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1955, Guðjónsson ni a bí i, kí ó tó mú orúkọ oko tí ó ti dàgbà kún tirẹ̀.

Orúkọ tí a sọ ènìyàn ni orúkọ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Òun ni wọ́n máa ń fi to ìwé tẹlifóònù wọn tẹ́lẹ̀ rí, wọ́n á sì kọ iṣẹ́ ẹni tì í kí Jón kan má baà ṣì mọ́ Jón kejì lọ́wọ́. Ní ọdún 1980 wọ́n dìbò yan Vigdís Finnbogadóttir sípò Ààrẹ, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ láyé tí ará ìlú dìbò fún tí ó di Ààrẹ. Vigdís ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Èyí ni kò lè wọ̀ mí lára. Títí di òní, n kò lè la ẹnu mi kí n pe bàbá àna mi ní Sturla lásán, "Bàbá àna" ni mo ń pè é, ó sì ti ń dá mi lóhùn.

Ìdílé Snorri tí mo fi fọ́nnu ńkọ́? Bàbá Snorri ni Sturla. Snorri àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì, Þórður àti Sighvatur, ni ó jẹ́ Sturluson. Ṣùgbọ́n Snorrason ni àwọn ọmọkùnrin Snorri, Snorradóttir sì ni àwọn obìnrin. Ìran kan péré ni orúkọ náà lò nínú ilé rẹ̀ tí ó fi parí. Síbẹ̀ Þórður sọ ọmọ rẹ̀ kan ní Sturla, Sighvatur náà sọ ọ̀kan ní Sturla, nítorí bàbá wọn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń sọ Babátúndé. Bí irú Sturla bẹ́ẹ̀ bá bí ọkùnrin, Sturluson yóò tún yọ, bí odò tí ó wọ ilẹ̀ lọ tí ó tún yọ níwájú. Nítorí náà, ẹni tí ó ń jẹ́ Sturluson lónìí kì í ṣe ẹbí Sturluson kejì ní dandan. Ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ ni pé Sturla ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pe bàbá rẹ̀. Jón pọ̀, ìdí nìyí tí Jónsson àti Jónsdóttir fi kún ìgboro. Sturla kò pọ̀, Sturluson kò sì lè pọ̀ ju ọmọkùnrin tí àwọn Sturla bá bí lọ. Àwọn onímọ̀ èdè so orúkọ náà mọ́ ọ̀rọ̀ kan tí ó túmọ̀ sí kí a da nǹkan rú. Tèmi ni ó kọ́kọ́ dà rú.

Ohun kan tún wà tí mo kà tí mo dákẹ́ lé lórí. Ní ọdún 1241 ni wọ́n pa Snorri nínú ilé rẹ̀ ní Reykholt. Gissur Þorvaldsson ni ó kó àwọn ènìyàn wá, ọkùnrin náà sì ti fẹ́ ọmọ Snorri rí kí wọ́n tó kọ ara wọn. Àna sí àna.

Mo gbọ́ àlàyé, mo ka ìwé, ṣùgbọ́n ẹnu mi wúwo láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ tí mo bí. Mo gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lọ ní ìsọ̀ rẹ̀, mo ro ẹjọ́ fún un, mo ní ọmọ kò jẹ́ orúkọ tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́, irú èyí kò sí nílẹ̀ wa.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí títí. Ó ní, "Kò sí nílẹ̀ wa? Kí ni orúkọ rẹ nínú ìwé? Kí ni tèmi?"

Ọ̀rọ̀ pẹsì jẹ. Ní ọdún 1951, bàbá wa àgbà ni ó mú ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé-ìwé. Wọ́n bèèrè pé ọmọ ta ni, bàbá àgbà dárúkọ ara rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ mọ́ orúkọ ọmọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní apá Ìwọ̀-Oòrùn, bàbá wa ni ó mú èmi lọ. Wọ́n bi í bákan náà, ó dárúkọ tirẹ̀, òun ni mo sì ń jẹ́ di òní. Ìyá kan náà, bàbá kan náà, orúkọ ìdílé méjì. Èmi fúnra mi, nígbà tí mo di tíṣà, mélòó ni mo kọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé ìlà gùn lẹ́nu ọ̀nà tí oòrùn sì ń mú?

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ǹjẹ́ o gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé bàbá wa kọ̀ mí? Lọ pe ọmọ rẹ."

Mo pè é ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní, "Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́." Kò ì tíì gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí láti ìgbà tí mo ti bí i. Ó sunkún, èmi náà ń wá aṣọ ìnujú. Ìyàwó mi gba tẹlifóònù lọ́wọ́ mi, ó ní ó tó.

Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ìwé mìíràn jáde. Òfin wọn fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kan jẹ́ àlejò láti gba orúkọ ilẹ̀ òbí náà mọ́ tiwọn, nítorí náà orúkọ Iceland kan ṣáájú, Yétúndé tẹ̀lé e, Jónsdóttir kẹ́yìn. Gbogbo àmì orí Yétúndé ni ó pé pérépéré, nítorí é àti ú wà nínú ábídí wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ohùn òkè ni wọ́n fi ń pè. Ọ̀pọ̀ ìwé ìjọba tiwa níhìn-ín kì í fi àmì kankan sí i.

Ní ọdún 2023 wọ́n bí ọkùnrin. Sturla ni wọ́n sọ ọ́, nítorí bàbá bàbá rẹ̀. Ọmọ Jón ni òun náà, Jónsson ni yóò jẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá dàgbà tí ó bí ọkùnrin, Sturluson tún dé nìyẹn. Mo sáré lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń ka orí ẹja sínú àpò, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé bàbá àna rẹ ti wá ra ọkọ̀ ẹja báyìí?"