Oyè Dé Ọwọ́, Àga Kò Dé Ìdí

Bí ẹ bá dé ìlú Newport ní Wales, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ ó rí ère obìnrin kan tí wọ́n gbé nàró ní 2024. Margaret Haig Thomas ni, ẹni tí wọ́n ń pè ní Lady Rhondda. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn oyè rẹ̀ fún yín, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Bàbá rẹ̀, David Alfred Thomas, jẹ́ olówó tó ń wa èédú ní àfonífojì Rhondda, ó sì tún jẹ́ òṣèlú. Owó ń bẹ, orúkọ ń bẹ, ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ni ìyàwó rẹ̀ bí fún un, obìnrin sì ni. Bàbá àtọmọ jọ wà nínú ọkọ̀ Lusitania tí àwọn Jámánì rì sínú òkun ní May 7, 1915. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó kú. Àwọn méjèèjì yọ. Ní 1916, ọba fi Thomas jẹ Baron. Ní June 1918, lẹ́yìn tó ti ṣètò oúnjẹ ìlú lásìkò ogun, wọ́n gbé e ga sí Viscount Rhondda.

Ọkùnrin ló máa ń jogún púpọ̀ nínú oyè wọn. Bí kò bá sí ọkùnrin, oyè kú nìyẹn. Thomas kò gbà. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé oyè Viscount pé ọmọ òun ni yóò jẹ ẹ́ tẹ̀lé òun. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, àbí? Ní July 3, 1918, ó kú. Oyè Baron bá a wọlẹ̀. Ti Viscount bọ́ sọ́wọ́ Margaret.

Margaret kì í ṣe ojo o. Ní 1913, nítorí ìbò àwọn obìnrin, ó ti gbìyànjú láti dáná sun àpótí lẹ́tà kan ní Newport. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, kò jẹun, wọ́n sì tú u sílẹ̀. Nígbà tí òfin 1919 wá sọ pé a kò gbọdọ̀ tìtorí pé ẹnìkan jẹ́ obìnrin fi iṣẹ́ ìlú dù ú, ó béèrè àga rẹ̀ ní Ilé Ìgbìmọ̀ àwọn Lọ́ọ̀dù. Ní March 1922, ìgbìmọ̀ kan ní ó tọ́ sí i. Kí ó tó di òpin May, Lord Birkenhead àti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti yí i padà. Wọ́n ní oyè ni ọba fún un, kì í ṣe àga. Ẹ gbọ́ ná! Ẹ dé mi ládé, ẹ ní n má jókòó sórí ìtẹ́?

Ní July 1958, ó kú láìbímọ, oyè náà sì parẹ́. Ní October ọdún náà ni àwọn obìnrin àkọ́kọ́ jókòó nílé náà, àwọn tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá fún ìgbà ayé wọn nìkan. Àwọn tó jogún oyè bíi tirẹ̀ dúró di 1963.

Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, obìnrin ni gbogbo wọn. Baálé mi ti kọ ìwé ìhágún lórí ilé wa ní Ìbàdàn, orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà níbẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo ní ó kù. Mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé nígbàkígbà tí ẹbí bá fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilé náà, àwọn ọmọ yìí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí wọ́n sì fọhùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èmi àti ọ̀rọ̀ òyìnbó. Ṣùgbọ́n ó mú bírò.