Gbígbà Ló Le

Kò sí oníbàárà tó máa pe èèyàn pé káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì òun kò gba pákẹ́ẹ̀tì. "Íńtánẹ́ẹ̀tì ò lọ" ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì ti bú ẹni tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún wọn tán kí wọ́n tó rántí àwa tá à ń tún un ṣe. Láti ìgbà tí káfè ti kún Ìbàdàn títí di ìsinsìnyí tí sẹ́fà àwọn oníbàárà mi wà níbi tí n kò lè fojú kàn, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń gbé wá bá mi: kọ̀ǹpútà ń ránṣẹ́, kò rí èsì gbà. Ẹ̀rọ tí kò ránṣẹ́ tí kò sì gbà kì í dà mí láàmú. Ó ti kú nìyẹn, ẹ wá òmíràn rà. Èyí tó ń ránṣẹ́ tí kò gbọ́ èsì ló ń gba òye.

Ẹni tó ń ránṣẹ́ kò tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Káàdì á tú pákẹ́ẹ̀tì sórí wáyà, á fi ọ̀kan kún iye TX, ìyẹn iye ohun tó rán, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Gbígbà ló ní ẹnubodè púpọ̀: wáyà gbọ́dọ̀ gbé e dé láìbàjẹ́, káàdì gbọ́dọ̀ gbà pé òun ló ni ín, dráífà gbọ́dọ̀ tètè kó o kúrò kí àyè tó kún, fáyawọ́ọ̀lù náà kò sì gbọdọ̀ lé e padà. Bí Robert Metcalfe àti David Boggs ṣe dá Ethernet sílẹ̀ nìyẹn ní Xerox PARC, ní California, lọ́dún 1973. Okùn kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀rọ jọ ń lò, gbogbo wọn ló ń gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ, kálukú á wá ju èyí tí kò kàn án nù. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni iṣẹ́ káàdì ti jẹ́ pé kó máa kọ nǹkan. Ìgbà tó bá kọ tirẹ̀ mọ́ tẹlòmíràn ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè wá.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ní Mọ́kọ́lá ni mo ti kọ́ṣẹ́. Okùn dúdú tín-ín-rín la ń lò nígbà náà, 10BASE2, tí kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 185 lọ. Irin onígun T wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ìdérí 50 ohm sì wà ní ìparí okùn lápá méjèèjì. Bí ìdérí kan bá tú, gbogbo ọ́fíìsì á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣì fẹ́ràn okùn yẹn nítorí pé kì í purọ́: bí gbogbo èèyàn bá ti pariwo pọ̀, okùn ni, ẹni tó gbálẹ̀ láàárọ̀ ló sì sábà máa ń mọ ibi tó ti tú.

Káàdì ISA ló ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Àwọn tí wọ́n fara wé NE2000 ló pọ̀ lọ́jà, wọ́n sì ní irin kéékèèké tá a máa ń fi jọ́ńpà bò láti yan IRQ, ìyẹn nọ́ńbà tí káàdì fi ń kan ilẹ̀kùn pé nǹkan ti dé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń wá pẹ̀lú IRQ 3, bẹ́ẹ̀ COM2 ti jókòó sórí 3 nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Káàdì á ju ìwọ̀nba pákẹ́ẹ̀tì síta, ẹ̀rọ kejì á gbọ́, á dáhùn, èsì á dé orí káàdì, káàdì á kan ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kò ní jáde. Ọ̀gá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Ṣé o ti wo ẹni tó wà lórí 3?"

"Rárá, sà."

Á kúrò níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà nìyẹn. A ó sún jọ́ńpà sí 5 tàbí 10, a ó sọ fún dráífà pé ibẹ̀ la wà, a ó tún ẹ̀rọ tàn. Nígbà tí káàdì PCI dé, tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń pín IRQ, ìmọ̀ yẹn di ohun tí àwa àgbà ń fi ń ṣe fọ́ńté lójú ọmọdé.

Lẹ́yìn ọdún 2000 ni káfè gba ìlú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Dùgbẹ̀, ẹ gba Mọ́kọ́lá kọjá, kí ẹ tó dé Àgbówó níwájú Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ ti rí díìṣì VSAT lórí òrùlé tó pọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn ilé, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tò sórí tábìlì, àwọn ọmọ tó sanwó òru mọ́jú sì ń sùn lórí kíbọ́ọ̀dù. Káàdì RTL8139 ló wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyẹn, wáyà Cat5 olókùn mẹ́jọ ló sì so wọ́n pọ̀. Àwa tá à ń fi Linux ṣe ẹnu ọ̀nà káfè jẹ Donald Becker ní gbèsè ọpẹ́: ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ ní NASA ní Amẹ́ríkà ló kọ ọ̀pọ̀ dráífà káàdì tá a lò.

Ayé Cat5 yìí ló jẹ́ kí àìgbọ́ràn káàdì di ohun tí a lè fojú rí. Nínú okùn mẹ́jọ, mẹ́rin péré ni 10 àti 100 mẹ́gábíìtì ń lò. Ojú 1 àti 2 ni kọ̀ǹpútà fi ń ránṣẹ́, 3 àti 6 ló fi ń gbà. Bí a bá tò ó ní ìlànà T568B, okùn aláwọ̀ ọsàn àti ìkejì rẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ jáde, aláwọ̀ ewé àti ìkejì rẹ̀ ló ń gbé e wọlé. Iná kékeré ẹ̀yìn káàdì náà ní ohun tó ń sọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ ń ṣì í gbọ́. Lórí họ́ọ̀bù 10 mẹ́gábíìtì, iná tó tàn ní apá kan ń sọ pé apá yẹn ń gbọ́ apá kejì, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí iná bá tàn lára họ́ọ̀bù tí kò tàn lára kọ̀ǹpútà, ẹ má tíì tú kọ̀ǹpútà, okùn aláwọ̀ ewé ló sábà máa ń ti já níbì kan. Eku ló ń ṣe é, tàbí ìṣó káfíńtà.

Wáyà tí wọ́n tò bó ṣe wu ojú ló le jù. Alhaja kan ní káfè ní Àgbówó. Kọ̀ǹpútà ẹnu ọ̀nà ń lọ geere, ti yàrá ẹ̀yìn ń rí èsì ping kan gbà, ó ń pàdánù mẹ́ta. Wọ́n ti pààrọ̀ káàdì rẹ̀ kí n tó dé.

"Ẹńjíníà, káàdì òkú ni wọ́n tà fún mi."

"Alhaja, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wo wáyà ná."

"Wọ́n ti fi ẹ̀rọ wò ó o! Iná rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló tàn."

Òótọ́ ni wọ́n sọ, ó tàn láti 1 dé 8, kò fo ọ̀kan. Mo fa wáyà náà sínú láptọ́ọ̀pù mi tó ń lo Linux, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa fáìlì ńlá kan láti ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà, mo sì ń tẹ ifconfig eth0 léraléra. RX packets, ìyẹn iye ohun tó gbà, ń gòkè, errors lábẹ́ rẹ̀ náà ń gòkè, TX errors dúró sí òdo. Nígbà tí mo wá wo orí RJ45 náà sójú oòrùn ni mo rí i: ọsàn méjì, ewé méjì, búlúù méjì, aláwọ̀ ilẹ̀ méjì, wọ́n jókòó ní méjì-méjì bí ìbejì. Ó dára lójú, ó sì bà jẹ́. Ojú 3 bọ́ sọ́wọ́ ewé, ojú 6 bọ́ sọ́wọ́ búlúù. Torí kí ariwo lè pa ara rẹ̀ rẹ́ ni wọ́n ṣe lọ́ okùn ní méjì-méjì, tí ọ̀rọ̀ kan bá wá gba inú ìlọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọjá, àwọn okùn tó kù á máa dá sí i. Wáyà kúkúrú lè fara dà á, ìdí nìyẹn tí ẹnu ọ̀nà kò fi mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀rọ oníná mẹ́jọ kò lè mọ̀ ọ́n láé, bóyá irin kan irin ni iṣẹ́ tirẹ̀. Mo gé orí méjèèjì, mo tò wọ́n ní T568B, errors dúró. Káàdì tí wọ́n ti yọ sọ sínú páálí, mo kì í bọ inú ẹ̀rọ mìíràn, ó ń ṣiṣẹ́.

Àmọ́ káàdì máa ń kú lóòótọ́. Lásìkò òjò, wáyà tí wọ́n fà láti òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan sí òmíràn máa ń gbé àrá wọlé, àrá sì lè jó apá tó ń gbà kó fi apá tó ń ránṣẹ́ sílẹ̀. TX ń gòkè, RX wà ní òdo. Òdo yẹn ló ń tú u fó, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà láàyè kì í dákẹ́, ẹ̀rọ kan á ṣáà máa fi ARP béèrè ẹni tó ni àdírẹ́sì kan. Káàdì tí kò gbọ́ ARP kankan, tí wáyà kan náà sì ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀rọ mìíràn, ẹ yọ ọ́.

Súwíìṣì lé họ́ọ̀bù lọ, ó sì mú àrùn tirẹ̀ dé. Bí ẹnìkan bá fi agídí ti súwíìṣì sí full duplex tó fi káàdì sílẹ̀ lórí auto, káàdì á mọ ìwọ̀n eré, kò ní mọ̀ pé àwọn méjèèjì lè sọ̀rọ̀ pọ̀, á sì mú half. Ping á lọ, fáìlì á máa rá. Mo ti rí káàdì méjì pẹ̀lú àdírẹ́sì MAC kan náà nínú ilé kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ bíìtì 48 ni wọ́n fún un kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀. Súwíìṣì ń darí ọ̀rọ̀ sí ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, àwọn méjèèjì sì ń gbọ́ fìrí-fìrí.

Fóònù àti módẹ́ẹ̀mù USB pa káfè díẹ̀díẹ̀. Mo kó lọ sídìí sẹ́fà àti okùn onígíláàsì, pàápàá lẹ́yìn tí okùn abẹ́ òkun MainOne gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2010. Okùn méjì ni gíláàsì sábà máa ń ní, ọ̀kan fún lílọ, ọ̀kan fún bíbọ̀, ti bíbọ̀ sì lè ṣẹ́ kó fi ti lílọ sílẹ̀. ethtool -m á sọ iye ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé. Tó bá kà á sí -40 dBm, òkùnkùn ni.

Èyí tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fáwọn ọmọṣẹ́ ni ti sẹ́fà iléeṣẹ́ kan tó máa ń yá nígbà tí èèyàn bá ń wò ó. Bí mo bá ti tẹ tcpdump, ohun gbogbo á máa lọ. Bí mo bá pa á, sẹ́fà á di adití. Akọ̀wé ibẹ̀ ní kí n kúkú fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó máa wo ara rẹ̀ lọ. Tcpdump máa ń sọ fún káàdì pé kó má ju nǹkan kan nù, kó gba tirẹ̀ àti ti ẹlòmíràn. Tí ara ẹ̀rọ bá yá lásìkò yẹn nìkan, káàdì ń kọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Mo tẹ tcpdump -p, tí kì í ṣí ẹnu káàdì, adití padà dé, ó dá mi lójú. Wọ́n ti da gbogbo ohun tó wà lórí díìsìkì ẹ̀rọ àtijọ́ kọ sórí tuntun, fáìlì kan nínú rẹ̀ sì ń pàṣẹ pé kí káàdì máa jẹ́ MAC ti àná. Dráífà gbà, ó ń fi MAC àná ránṣẹ́, àmọ́ kò sọ fún asẹ́ inú káàdì, èyí tó ṣì ń dúró de MAC tí wọ́n fi tà á. Mo pa ìlà tó ń pàṣẹ nínú fáìlì náà rẹ́.

Lóde òní, pákẹ́ẹ̀tì lè dé inú ilé kó má dé yàrá. Ọmọṣẹ́ mi pè mí lórí sẹ́fà oníkáàdì méjì kan.

"Ọ̀gá, tcpdump rí i tó wọlé. Sẹ́fà ò dáhùn. Mo ti pa fáyawọ́ọ̀lù, kò yí padà."

"Kí ni nstat wí?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "IPReversePathFilter ń gòkè, sà."

Linux rí i pé ọ̀nà tí pákẹ́ẹ̀tì gbà wọlé yàtọ̀ sí ọ̀nà tí òun máa gbà dá èsì padà, ó fura, ó jù ú nù láìwí fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ máa ń yí rp_filter sí 0 lójú ẹsẹ̀. N kò fara mọ́ ọn, torí ọ̀nà tó wọ́ ṣì wọ́ síbẹ̀. Mo ní kó tún ọ̀nà kọ, kí èsì máa gba káàdì tí ìbéèrè bá gbà wọlé jáde.

Ìjà tó kù nínú iṣẹ́ yìí, ti owó ni. Láyé káfè, bí a bá pààrọ̀ káàdì, oníbàárà á rí i, á sanwó. Báyìí, ìlà kan la pa rẹ́, a ò gbé nǹkan kan wá, a ò gbé nǹkan kan lọ, wọ́n á ní, "Ṣé èyí náà ni gbogbo owó yìí?" Mo ti wá ń kọ ọ́ sára rìsíìtì: RX errors kí n tó fọwọ́ kàn án, RX errors lẹ́yìn wákàtí kan, àti ohun tí mo ṣe láàárín wọn. Àwọn akáúńtáǹtì fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ń sanwó láìjiyàn. Àwọn tó ni iléeṣẹ́ ṣì ń béèrè pé káàdì wo ni mo rà.