Jíjẹ Àǹfààní Kì Í Ṣe Rírẹ́nijẹ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́, fífọ́ ní í fọ́. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan mu tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn púpọ̀ nígbà tí a bá ń kọ̀wé nípa ire tí ń bẹ lára nǹkan. Ọ̀rọ̀ náà ni 'take advantage of'. Ojú méjì ni ó ní. Bí ó bá jẹ́ àyè tàbí àkókò ni ó tẹ̀ lé e, ènìyàn lo àǹfààní tí ó rí ni. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn tàbí ẹgbẹ́ ni ó tẹ̀ lé e, rírẹ́nijẹ ni ó sábà máa ń jẹ́.

Ní Ajégúnlẹ̀ tí a gbé tọ́ mi dàgbà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú kíláàsì lásán. Ìlàjẹ, Ìjọ́, Urhobo, Ìgbò, Haúsá àti àwa Yorùbá yòókù ni a jọ ń gbé ibẹ̀. Olúkúlùkù ní èdè tirẹ̀ nínú ilé, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ilé iṣẹ́ Àpápá ń bèèrè nínú ìwé. Èbúté Àpápá ti 1926 àti ti Tin Can Island ti 1977 ni ọ̀pọ̀ ará àdúgbò wa ń wò fún oúnjẹ òòjọ́. Nígbà tí ìjọba sì fi àwọn ibùdó ẹrù ibẹ̀ lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní nǹkan bí 2006, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ aládàáni ni ìwé ìwáṣẹ́ ń lọ.

Bàbá kan ní òpópónà wa ń wá iṣẹ́ olùṣọ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Ó ní kí ọmọkùnrin kan bá òun kọ ìwé pé òun fẹ́ jẹ nínú àǹfààní tí ó wà ní ilé iṣẹ́ náà. Ọmọ náà kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé òun fẹ́ 'take advantage of your company'. Akọ̀wé tí ó gba ìwé náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ rẹ́ wa jẹ ni?" Ó dá ìwé náà padà. Nígbà tí bàbá yìí gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ó bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé mo jọ olè ni?" Mo ní, "Rárá o, Bàbá." Mo yọ ilé iṣẹ́ kúrò, mo fi 'opportunity' rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tọ́, ṣùgbọ́n kí ó tó padà débẹ̀, wọ́n ti gba ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a wo èdè tiwa. Ọ̀rọ̀ 'àǹfààní' pàápàá bá 'amfani' tí àwọn Haúsá ń lò tan, ṣùgbọ́n ire ni a gbé lé e lọ́wọ́. 'Mo lo àǹfààní ìsinmi' kò lè ṣì jọ 'ó rẹ́ mi jẹ'. Jíjẹ ni méjèèjì lè jẹ́ o, nítorí a ń jẹ àǹfààní, a sì ń rẹ́ni jẹ. Síbẹ̀, ọmọ ọdún méje kò ní fi ọ̀kan pe èkejì. Nítorí náà, kò yẹ kí a máa kọ ọ́ nínú àròkọ wa pé 'ó mú àǹfààní lórí mi', tàbí pé ọkọ̀ ojú omi 'ní àǹfààní lórí' ọkọ̀ ilẹ̀. Ó yá jù ú lọ, ó gba ẹrù jù ú lọ, ó sàn jù ú lọ: èwo ni kò tó níbẹ̀?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà. Bí Yorùbá ni, kí a fi Yorùbá rò ó. Oúnjẹ ẹlòmíràn lè wà lẹ́nu kálámù wa.