Ilé Ìkàwé Peckham àti Ìsinmi Àwọn Ọmọ Wa

Ẹni tó bá ti Nàìjíríà dé Peckham, ní gúúsù ìlú Lọ́ńdọ̀nù, kò ní ṣàárò ilé púpọ̀. Ní òpópónà Rye Lane, isu wà, ata rodo wà, pánlá wà, ẹ ó sì gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń fi Yorùbá ná ọjà. Bí ẹ bá rìn dé òpin òpópónà náà tí ẹ sì sọdá títì ńlá, ẹ ó rí ilé kan tí ojú kò lè fò dá. Bàbà aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi bò ó lára. Òkè rẹ̀ yọ síwájú ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, àwọn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló sì gbé e dúró. Ilé ìkàwé Peckham nìyẹn. Ọdún 2000 ni wọ́n ṣí i, ọdún náà gan-an ló sì gba ẹ̀bùn Stirling, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n máa ń fún àwọn ayàwòrán ilé ní Bìrìtéènì.

Ẹ̀yin olùkàwé wa ọ̀wọ́n, kì í ṣe nítorí ẹwà ilé yìí ni a ṣe ń kọ̀wé. Àwọn ọmọ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ilé ẹ̀kọ́ fi máa ń wà ní títì, láti ìparí oṣù keje títí wọ oṣù kẹsàn-án. Kí ni ìyá tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìwòsàn, tí ọkọ rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì lọ́sàn-án, yóò fi ọmọ mẹ́ta ṣe ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn? Owó tí wọ́n ń gbà láti báni tọ́jú ọmọ kò ṣe é fẹnu sọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé tí a dé, tẹlifísàn àti fóònù ni alágbàtọ́. Àwọn kan a tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ, wọn a ní kí wọ́n má ṣí i fún ẹnikẹ́ni. Òfin ilẹ̀ náà kò dárúkọ ọjọ́ orí kan pàtó tí ọmọ lè dá wà nílé, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin bí òbí bá fi ọmọ sílẹ̀ níbi tí ewu ti lè wu ú.

Bẹ́ẹ̀ ilé ìkàwé wà nítòsí, ọ̀fẹ́ sì ni. Òfin ọdún 1964 ló sọ ọ́ di dandan fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láti pèsè rẹ̀. Láti ọdún 1999 ni àwọn ilé ìkàwé jákèjádò ilẹ̀ náà sì ti ń ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní Summer Reading Challenge fún àwọn ọmọ ọdún 4 sí 11. Ọmọ á forúkọ sílẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, á yan ìwé tó wù ú, á kà á, á sì padà wá. Ìwé 6 ni wọ́n sábà máa ń retí kí ó kà kí ìsinmi tó parí. Ìwé ìtàn ni o, ìwé ẹranko ni, ìwé àwàdà ni, gbogbo rẹ̀ ló wọlé. Bó bá ti ń kà ni yóò máa gba sítíkà. Bó bá parí, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí àti mẹ́dà.

Ẹni tó bá rí sítíkà lè rò pé eré lásán ni. A jókòó, a wò wọ́n. Wọn kì í kàn fún ọmọ ní sítíkà kí wọ́n ní kó máa lọ. Wọ́n á bi í pé, ta ló wù ọ́ jù nínú ìtàn náà? Kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ọmọ tí kò kà á yóò wo òkè, yóò wo ilẹ̀. Wọn kò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní kó lọ jókòó kó tún un kà. Àwọn ọ̀dọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn láìgba owó wà lára àwọn tó ń béèrè ìbéèrè yìí. Èyí dùn mọ́ wa gan-an, nítorí pé ọmọkùnrin ọdún 15 tó ń gbọ́ ìtàn lẹ́nu ọmọ ọdún 6 lọ́sàn-án kò sí ní ìgboro. Kí ìsinmi tó dé ni àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ láti kéde ètò náà. Àwọn ọmọ ọwọ́ pàápàá ní ọjọ́ tiwọn, tí àwọn ìyá á gbé wọn lẹ́sẹ̀, tí wọ́n á jọ máa kọrin, tí wọ́n á máa pàtẹ́wọ́.

Màmá kan wà níbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ pè láti Ìjẹ̀bú, kó wá bá a tọ́jú ìkókó. Màmá kò mọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì kà. Ó jókòó sórí àga kékeré àwọn ọmọdé, gèlè rẹ̀ ga ju àpótí ìwé lọ, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún méje sì ń kàwé sí i létí. Bó bá ka ojú ìwé kan tán, Màmá á ní, “Kí ni wọ́n wí?” Ọmọ náà á wá fi ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́ ṣàlàyé. Nígbà tó dé ibi tí ẹranko kan ti tan èkejì jẹ, Màmá bú sẹ́rìn-ín. “Ìjàpá mà ni wọ́n ń sọ yìí! Wọ́n kàn pa orúkọ rẹ̀ dà ni.” Ló bá bẹ̀rẹ̀ àlọ́. Kí a tó ṣẹ́jú, ọmọ mẹ́rin mìíràn ti yí i ká, méjì nínú wọn kò gbọ́ Yorùbá rárá. Òṣìṣẹ́ kan ń bọ̀, a rò pé yóò ní wọ́n ń pariwo. Ohun tó wá béèrè ni bóyá Màmá á lè tún wá ní Ọjọ́bọ̀.

Àwọn ará kan sọ fún wa pé àwọn kò fẹ́ kí ọmọ àwọn dé ibẹ̀ nítorí ìwé àjẹ́ àti oṣó. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ní ọdún 2013, ilé ẹlẹ́rù ni wọ́n fi ṣe àkòrí ètò náà. Ṣùgbọ́n ọmọ ló ń yan ìwé rẹ̀, kò sí ẹni tó ń fipá mú un. Bí òbí bá wà níbẹ̀, ó lè sọ pé rárá, kí wọ́n jọ mú òmíràn. Fóònù tó wà lọ́wọ́ ọmọ yìí kan náà nílé ńkọ́, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò?

Àwọn mìíràn kò bẹ̀rù ohunkóhun. Wọ́n á já ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Òṣìṣẹ́ méjì mẹ́ta kò lè ṣètò ìwé, kí wọ́n tún máa ṣọ́ ogójì ọmọ. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti wúwo. Ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 2000, Damilola Taylor, ọmọ ọdún 10 tó ti Èkó dé ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, wá sí ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ó jáde, ó ń lọ sílé. Wọ́n fi àfọ́kù ìgò gún un ní itan lọ́nà, ó sì kú. A kò dárúkọ rẹ̀ láti dá òbí rẹ̀ lẹ́bi rárá. Ibi rere ni ọmọ náà lọ, òbí rere ló sì bí i. Wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ láti máa ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà Peckham kò gbàgbé ọ̀nà ilé yẹn.

Ìjọ kan ní àdúgbò náà ti rí ọgbọ́n dá sí i. Àwọn ìyá àti bàbá tó ti fẹ̀yìn tì nínú wọn pín ara wọn ní méjì-méjì. Wọ́n kọ́kọ́ gba ìwé àyẹ̀wò tí ìjọba ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ máa tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n á kó ọmọ márùn-ún láti ilé wọn, wọ́n á jókòó tì wọ́n nílé ìkàwé, wọ́n á sì dá wọn padà sọ́wọ́ òbí, kì í ṣe sẹ́nu ọ̀nà. Tíì àti bisikíìtì nìkan ni ìjọ ń ná owó lé lórí.

Kí ẹ má rò pé ilé ìkàwé yóò máa dúró dè wá títí o. Láti ọdún 2010 ni wọ́n ti ń dín owó wọn kù, ọ̀pọ̀ ló sì ti tì pa ní ilẹ̀ náà. Bí wọ́n bá fẹ́ ti èyí tó ṣẹ́kù, iye ènìyàn tó ń wọlé ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà.

Màmá Ìjẹ̀bú yóò padà sílé ní ìparí oṣù kẹjọ. Nígbà tí a kúrò níbẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ ti ka ìwé mẹ́rin, ó ku méjì. Ìyá ọmọ náà ti lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, pé kó bá òun yí iṣẹ́ Ọjọ́bọ̀ padà.